Òkúta Tí Táyéwò Kọ Sínú Máàpù

Pó. Ìró òkúta wẹ́wẹ́ tó balẹ̀ sínú omi kànga nìyẹn. Ìgbà èwe ni Táyéwò ti gbọ́ ọ, kò sì kúrò létí rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi funfun báláú. Bàbá rẹ̀, agbẹ́kànga ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló máa ń ju òkúta náà. Igando ò tíì di ìlú tí ilé ń gun ilé lórí nígbà yẹn. Oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀, ilé alámọ̀ díẹ̀, àti ọ̀nà tóóró kan tó já sí Ìkòtún. Bàbá á dúró létí kànga, á ju òkúta, á máa fi ìka kà: ení, èjì. Bó bá ti gbọ́ ìró, á ní ẹsẹ̀ bàtà ogójì. Wọ́n á fi okùn wọ̀n ọ́n, á sì rí bẹ́ẹ̀. Hàbíbátù, àbúrò Táyéwò, á dùbúlẹ̀ gbalaja, á gbétí sílẹ̀, á ní òun náà gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ariwo ẹnu rẹ̀ kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá ju òkúta sínú kànga àtijọ́ kan lápá odò, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ju òmíràn. Kẹ́kẹ́ pa. Bàbá kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí àwọn máa lọ sílé. Kò sọ ìdí rẹ̀, kò sì ṣàlàyé títí ó fi kú.

Bóyá ìró yẹn ló fà á tí Táyéwò fi fi ìró ṣe iṣẹ́ ṣe. Ó kúrò ní Igando lọ́dún 1986, ó lọ kọ́ṣẹ́ ní ìlú kan létí òkun ní England, ó fẹ́yàwó síbẹ̀, ó bímọ síbẹ̀, àlọ ọdún mẹ́rin sì di ogójì ọdún ó dín ẹyọ kan. Bó bá jókòó sídìí fèrèsé rẹ̀ lọ́hùn-ún tí òjò ń rọ̀ wíníwíní, Igando tó ń rántí kò sí láyé mọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ òun náà ló ń rántí.

Iṣẹ́ wíwá ìsàlẹ̀ òkun ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní sónà, àwọn tó ń lò ó sì ń pe èyí tí ọkọ̀ ń fà ní ẹja. Irin ni. Ó gùn tó èèyàn tó dùbúlẹ̀, ó ní ìyẹ́ nídìí, wọ́n á fi wáyà gígùn so ó mọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ á máa fà á bọ̀ nínú omi bí ẹni fa ewúrẹ́. Ẹja yìí á máa ké sápá ọ̀tún, á máa ké sápá òsì. Igbe rẹ̀ á lọ kan ilẹ̀, á padà wá, kọ̀ǹpútà á sì fi ohun tó padà wá ya àwòrán. Irin á máa dán yòò nínú àwòrán náà, ẹrọ̀fọ̀ á ṣú dùdù. Ohun tó bá ga nílẹ̀ á ní òjìji lẹ́yìn, òjìji yẹn ni àgbà oníṣẹ́ sì ń kà ju nǹkan náà fúnra rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ á lọ, á bọ̀, á lọ, á bọ̀, bí àgbẹ̀ tó ń kọ ebè. Nítorí pé ẹja jìnnà sí ìdí ọkọ̀, ohunkóhun tó o bá rí lójú kọ̀ǹpútà, o ti gorí rẹ̀ kọjá kó o tó rí i.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọkọ̀ tí Táyéwò ń bá ṣiṣẹ́ wà lójú òkun tó kọjú sí Èkó. Wọ́n ń wá ibi tí wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì máa gbà nísàlẹ̀ omi. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ó sì ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé iṣẹ́ ìkẹyìn nìyẹn. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ojú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ọ̀hún ni Ọmọ́wùnmí, ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Gowon Estate, tó mọ iṣẹ́, tí ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́.

"Bàbá, ẹ̀yin ará Igando," Ọmọ́wùnmí wí, "ṣé lóòótọ́ ni pé èéfín ààtàn lẹ fi ń mọ̀ pé ẹ ti délé?"

"Ó sàn ju ti ẹ̀yin ará Gowon Estate lọ. Ìjọba kọ́lé fún yín, gbogbo ẹ̀ jọra, ọkọ ń wọlé onílé."

"Bàbá tèmi ò ṣilé wọ̀ rí o, sà."

"Ṣé ìyá ẹ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Ọmọ́wùnmí rẹ́rìn-ín títí ó fi bo ojú. Nígbà tó máa ṣí ojú, àwòrán ti ń sọ̀ kalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹní tí èèyàn ń tú. Ẹrọ̀fọ̀. Ẹrọ̀fọ̀. Ìlà tín-ínrín kan tó dán. Lẹ́yìn náà ni òjìji yọ, dúdú bí inú ìkòkò, ó ń gùn, ó ń gùn, kò sì dáwọ́ dúró níbi tó yẹ kí òjìji òkúta ti dáwọ́ dúró. Ó ní ikùn. Ó ní ilé kékeré lórí. Apá méjì gígùn yọ jáde lára rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

"Bàbá," Ọmọ́wùnmí wí, "ọkọ̀ nìyí."

Táyéwò sún àga rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ọkọ̀ apẹja ni. Apá méjèèjì tí wọ́n fi ń fa àwọ̀n wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wo ohun tí máàpù àtijọ́ pè é." Ó tẹ nǹkan, ó wò ó. "Òkúta kẹ̀? Wọ́n kọ òkúta síbí lọ́dún 2022. Irú èèyàn wo ló..."

Ó ti rí orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó dìde, ó ní òun ń lọ po tíì wá fún Bàbá, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn.

Táyéwò nìkan wá kù sídìí ẹ̀rọ. Ó fi ìlà wọn apá ọ̀tún ọkọ̀ náà, ó wọn tòsì. Tòsì kúrú sí tọ̀tún pẹ̀lú mítà méjì. Ó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n. Àwòrán kan wà lórí fóònù rẹ̀ tí Zikrullah, ọmọ Hàbíbátù, fi ránṣẹ́ sí i lọ́dún 2021. Nínú rẹ̀, ọmọ náà dúró níwájú ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Bàbá Táyé, ẹ wo ọkọ̀ wa. Apá òsì ẹ̀ kán, wọ́n jó o padà, ó wá kúrú. Alápá là ń pè é." Táyéwò gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni Alápá kúrò létíkun pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́sàn-án, Zikrullah sì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ kò padà. Ẹni tó ni ọkọ̀ kọ́kọ́ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ó ní àwọn ọmọ náà ti jí ọkọ̀ òun gbé, wọ́n ti lọ tà á lápá ìlà-oòrùn. Ọlọ́pàá wá sí Igando wá mú Hàbíbátù. Ọjọ́ méjì ló lò lọ́dọ̀ wọn. Ó délé, àwọn tó ń kí i ní "Ìyá Zikrullah" láti òkèèrè wá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí nǹkan tí wọ́n gbàgbé sílé bí wọ́n bá ti rí i lọ́nà.

Hàbíbátù kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nínú wíwá èèyàn. Lọ́dún tí iná páìpù epo jó n'Íjẹ̀gùn, òun ló tẹ̀lé aládùúgbò rẹ̀ láti ọsibítù dé ọsibítù títí wọ́n fi rí ọkọ obìnrin náà. Ṣùgbọ́n òkun kò ní ọsibítù, kò ní gétì tí èèyàn á kàn, kò ní nọ́ọ̀sì tí èèyàn á bẹ̀.

Lọ́dún 2022, iṣẹ́ gbé Táyéwò wá sórí omi kan náà. Ó kù ọjọ́ kan kí wọ́n ṣàdúà fún Zikrullah nílé Hàbíbátù, kí Ọlọ́run dá a padà láyọ̀. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, Táyéwò ni olórí ilé, bẹ́ẹ̀ Àlùfáà kì í bẹ̀rẹ̀ àdúà ilé láìsí olórí ilé níwájú. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ó kù wákàtí kan kí bóòtì tó máa gbé e lọ sí Apápá dé, nǹkan funfun kan yọ ní etí àwòrán gan-an, níbi tí àwòrán ti máa ń ṣe bàìbàì, tí òjìji kì í hàn. Ó lè jẹ́ òkúta. Ó lè jẹ́ ohunkóhun. Òfin iṣẹ́ ni pé kí ọkọ̀ yí padà, kó gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá, kí wọ́n tún wò ó. Wákàtí mẹ́rin nìyẹn. Táyéwò wo aago. Ó kọ òkúta, ó fi orúkọ sí i, ó lọ wẹ̀, ó wọ bóòtì.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ka Yásíìn ní ìgbà mọ́kànlélógójì níwájú ilé Hàbíbátù. Táyéwò wà níwájú, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n parí, wọ́n pín sàráà, Hàbíbátù wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ yín yẹn. Ibi tọ́mọ mi ti ń ṣiṣẹ́ lẹ ti ń bọ̀, àbí?"

"Agbègbè ibẹ̀ ni."

"Kí lẹ rí nísàlẹ̀?"

"Ẹrọ̀fọ̀. Òkúta. Kò sí nǹkan mìíràn."

"Ẹ wò ó dáadáa ṣá?"

"Iṣẹ́ mi kọ́?"

Hàbíbátù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Alihamudulilai. Bí kò bá sí nísàlẹ̀, á jẹ́ pé orí ilẹ̀ ló wà níbì kan."

Táyéwò lanu láti sọ pé ibì kan wà tí òun kò yẹ̀ wò tán. Ojú àbúrò rẹ̀ tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọdún kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹnu tó yẹ kó fi ṣàlàyé ló fi ṣe àmín.

Àmín yẹn ló wá di ìpìlẹ̀ ilé. Hàbíbátù fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá gbogbo ayé lóhùn. Ó ń ra káàdì sórí nọ́ńbà Zikrullah lóṣooṣù kí wọ́n má baà gbà á fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá dámọ̀ràn pé kó jẹ́ kí wọ́n kírun òkú sí ọmọ náà lára, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi tó ń fẹ̀rọ wo ìsàlẹ̀ òkun ti wò ó, ọmọ mi ò sí níbẹ̀." Ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, òun náà mú un lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá: ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀mọ̀ràn òkun inú ilé wọn sọ, kò sí ọkọ̀ nísàlẹ̀, ibo wá ni ọkọ̀ mi wọlé sí bí wọn ò bá jí i? Bẹ́ẹ̀ ni òkúta kan ṣoṣo di ìrètí ìyá, ó tún di ẹ̀rí pé olè lọmọ. Qonitah, ìyàwó Zikrullah, wà láàárín pẹ̀lú ọmọ ọdún márùn-ún. Kì í ṣe opó, kì í ṣe adélébọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí à ń sọ yìí gan-an, àwọn bàbá rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá kó ọmọ àwọn lọ, nítorí ọkọ tó jalè tó sì sá fi ìyàwó sílẹ̀ kì í ṣe ọkọ mọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ́wùnmí kọ́ ló wọlé. Simeon ni, aṣojú àwọn tó gbé iṣẹ́ wáyà fún wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ rí nǹkan."

"Ọkọ̀ tó rì ni."

Simeon fa àga kan jókòó. "Ṣebí òkúta ni máàpù pè é tẹ́lẹ̀? Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ òkúta, sà. A ó mú wáyà gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá pè é ní ọkọ̀, wọ́n á ní ká dúró, wọ́n á máa kó ìwé wá, ọ̀sẹ̀ mélòó nìyẹn?"

"Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀."

"Ẹ rí èèyàn ni?"

"Ẹ̀rọ yìí kì í rí èèyàn, Simeon."

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ òkúta nígbà yẹn." Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ohùn ẹni tó ń kìlọ̀ fún bàbá rẹ̀. "Iṣẹ́ ìkẹyìn yín nìyí. Ṣé báyìí lẹ fẹ́ kí wọ́n máa rántí yín?"

Ọmọ́wùnmí ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tíì lọ́wọ́. Kò wọlé, kò padà.

"Sọ fún wọn lókè," Táyéwò sọ fún Ọmọ́wùnmí, "kí wọ́n yí ọkọ̀ padà. Ẹ̀gbẹ́ kejì la máa gbà."

Simeon jáde láìdágbére.

Wákàtí mẹ́rin, bí ó ṣe yẹ kó rí lọ́dún 2022. Nígbà tí ẹja irin gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá, kò sí ohun tó fara pamọ́ mọ́. Àwọ̀n ṣì nà gbalaja lẹ́yìn ọkọ̀, ó ti kọ́ irin àtijọ́ kan nílẹ̀, okùn rẹ̀ le gan-an títí di ìsinsìnyí, bí ẹni pé nǹkan kan nísàlẹ̀ ṣì ń fà á. Bóòtì kékeré tí èèyàn fi ń sá àsálà wà lórí ọkọ̀ níbi tí wọ́n dè é mọ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Bàbá," Ọmọ́wùnmí wí wẹ́lẹ́, "ọkọ̀ tó bá ń lọ sọ́nà jíjìn kì í na apá sílẹ̀, kì í da àwọ̀n. Iṣẹ́ làwọn yìí ń ṣe."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ ọkọ̀ náà ni?"

"Ọmọ àbúrò mi wà níbẹ̀."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ síbi tó wà. Táyéwò pa òkúta rẹ́ nínú máàpù. Ó kọ ọkọ̀ tó rì, ó kọ ibi tó wà, ó fi orúkọ rẹ̀ sí i lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé òun lòun ṣi ti àkọ́kọ́ kọ.

Èyí tó kù ló le. Nílé wọn, a kì í túfọ̀ fún ìyá ọmọ ní tààrà. Àgbà ilé là ń wá lọ. Àgbà ilé á kó èèyàn méjì mẹ́ta lẹ́yìn, wọ́n á kọ́kọ́ ní ara ọmọ náà ni kò yá, wọ́n á tún ní wọ́n ti gbé e lọ sọ́sibítù, wọ́n á máa fà á bẹ́ẹ̀ títí ìyá á fi mọ̀ fúnra rẹ̀. Táyéwò jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń ronú àgbà ilé tí òun máa pè. Ó pẹ́ kó tó yé e pé kò sí ẹlòmíràn. Òun ni wọ́n ì bá wá sọ fún.

Ó ronú kan Àlùfáà. Àlùfáà á lọ, á sì ṣe é dáadáa. Á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Kò ní mẹ́nu kan ẹni tó kọ òkúta.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó kọ "Hàbíbátù, pè mí," ó pa á rẹ́. Ó kọ "Ara Zikrullah kò yá," ó wò ó, ẹ̀rín kan tí kò jọ ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbìyànjú láti sọ ọ́ sínú fóònù, ó pa ìyẹn náà rẹ́. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ohùn Hàbíbátù ló kọ́kọ́ wọlé sórí fóònù rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. Àwọn bàbá Qonitah ti kúrò n'Ìbàdàn o. Mo fẹ́ kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí wọ́n bá dé. Ẹ ṣáà sọ ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi lọ́jọ́sí fún wọn, pé ẹ wò ó, pé kò sí níbẹ̀. Tiyín nìkan ni wọ́n máa gbọ́."

Táyéwò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Hàbíbátù kò mọ̀wé, Qonitah ló ń ka ọ̀rọ̀ tó bá wọlé fún un. Ó kọ ọ́ láìdánudúró, ó sì fi í ránṣẹ́ kó tó lè tún un kà:

"Qonitah, èmi Bàbá Táyé ni. Má tíì kà á sókè. Kọ́kọ́ pe Ìyá Charity lójúlé kejì kó wá jókòó ti ìyá yín, kó o ní kí wọ́n mú ọmọ jáde. Bó o bá ti ṣe é, jókòó, kó o kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀ nítorí mi.

Hàbíbátù, ọmọ ìyá mi. A ti rí ọkọ̀ Zikrullah. Ìsàlẹ̀ òkun ló wà. Mi ò ní sọ fún ẹ pé ara rẹ̀ kò yá. Ọmọ wa ti kú láti ọdún 2021, òun àti àwọn mẹ́jọ yòókù, kò sẹ́ni tó ráyè dé ìdí bóòtì àsálà. Àwọ̀n wọn ṣì wà nínú omi. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, wọn ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Mo ti kọ ibi tí ọkọ̀ wà sínú ìwé, orúkọ mi wà lábẹ́ rẹ̀, àwòrán rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi han ọlọ́pàá. Ẹ fi han ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹ fi han gbogbo àdúgbò.

Èyí tó kù, èmi ni mo ṣe é. Lọ́dún 2022 mo gba orí rẹ̀ kọjá. Mo rí nǹkan kan, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé mo ń sáré kí n lè dé ìdí àdúà. Mo kọ ọ́ ní òkúta. O bi mí bóyá mo wò ó dáadáa, mo sì fi ọ̀rọ̀ àwàdà dá ẹ lóhùn. Gbogbo káàdì tó o ti rà sórí fóònù rẹ̀ láti ìgbà náà, ọrùn mi ló wà. Gbogbo ẹni tó pè é lólè, èmi ni mo fún un ní ẹ̀rí.

Qonitah, sọ fún àwọn bàbá rẹ pé ọkọ rẹ kò sá fi ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n bi Àlùfáà nípa oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí wàá fi ṣe opó. Kí Àlùfáà kírun sí ọmọ wa lára lónìí lẹ́yìn ìrun Àìlà, kó má dúró dè mí, kó fi ẹlòmíràn sí àyè mi níwájú.

Mo máa dé Igando lọ́jọ́rú. Hàbíbátù, ohun tó o bá fẹ́ sọ sí mi, má sọ ọ́ sórí fóònù. Sọ ọ́ sí mi lójú."